Mo Lọ sí Kòríà Lọ Bá Kòkòrò Tó Fẹ́ẹ́ Gba Ẹsẹ̀ Mi

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì pé. Mo fi èyí ṣáájú nítorí ohun tí àwọn kan ń sọ kiri láàárín Èsìẹ́ àti Òmù-Àrán ni pé wọ́n ti gé ọ̀kan sí Kòríà, wọ́n sì fi ti rọ́bà dípò rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wá sílé mi, kó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fọ ọwọ́.

Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mí, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn oníṣu wa. Kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Kòríà, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí ná. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin ló dojú dé kí a tó dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Ọlọ́run yọ mí. Kì í ṣe gbogbo wa ló yọ. Ọgbẹ́ ojúgun mi kò tó ohun tí ènìyàn ń sunkún lé lójú àwọn tí a gbé sin. Ìgbà tí a rò pé ó ń san ló yí padà. Ọyún rẹ̀ di aláwọ̀ ewé, báńdéèjì mi di aláwọ̀ ewé, òórùn dídùn kan sì ń tibẹ̀ jáde, bí èso tó ti pọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Òórùn dídùn, ẹ jọ̀ọ́! Ohun tó ń jẹ ènìyàn láàyè kò tilẹ̀ ní ìtìjú kó máa rùn.

Nọ́ọ̀sì kan gbóòórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ní, "Tíṣà, ẹ ti gba àlejò." Dókítà mú bírò, ó fa ìlà sí abẹ́ orúnkún mi, ibi tí wọn ó ti gé e. Abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n wá dé Ìlọrin ló gbà mí sílẹ̀. Ìlà bírò yẹn ti parẹ́ lára mi tipẹ́, kò tíì parẹ́ lọ́kàn mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ̀rù ohun tí ojú kò rí. Mo máa ń fọ ọwọ́ kí n tó jẹun, mo sì máa ń fọ ṣíbí tí wọ́n ti fọ̀. Ìyàwó mi, Ìyá Táyọ̀, ní lọ́jọ́ kan èmi yóò fọ ara mi dà nù.

Ẹni báyìí ni ẹgbẹ́ wa yàn láti lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sin kòkòrò àìfojúrí bí ẹni ń sin ewúrẹ́.

*Ìdí tí mo fi lọ*

Ẹ̀yin náà rí bí iṣu ṣe ń jẹrà nínú àká wa, láti Èsìẹ́ dé Agbamu, títí kan Òwu-Ìsin. Iṣu tí ọkọ́ bá ṣe léṣe nígbà tí a ń wa á, tàbí èyí tí eku bá fi eyín kàn, ibi ọgbẹ́ yẹn ni nǹkan funfun kan ń gbà wọlé. Kó tó di àsìkò gbíngbìn, inú iṣu ti di omi. Ọmọ Èsìẹ́ kan tó ń kàwé ní Kòríà sọ èyí fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá yẹn ní àwọn ní oògùn kan tí kòkòrò ń bá àwọn fi epo ẹja ṣe, tó ń lé irú nǹkan funfun bẹ́ẹ̀ lára ohun ọ̀gbìn, kí ẹnì kan tó mọ iṣu wá wò ó.

Ó yẹ kí Alága ẹgbẹ́ wa lọ. Ẹ mọ̀ ọ́n: bí wọ́n bá pe oúnjẹ, òun ló ń kọ́kọ́ dìde, bí wọ́n bá pe iṣẹ́, òun ló ń gbẹ̀yìn. Ó ní ọkọ̀ òfúrufú kò bá òun lára mu.

"Tíṣà, ìwọ lo mọ̀wé," ló wí. "Lọ gba oògùn iṣu wa wá. Má bọ̀ lọ́wọ́ òfo o. Bí ti ọdún yìí bá tún jẹrà, kò sẹ́ni tí yóò rí èbù gbìn lọ́dún tó ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ èbù yẹn ló gbé mi wọ ọkọ̀ òfúrufú. Àgbẹ̀ tí kò bá ní iṣu tí yóò gé fún gbíngbìn ti di alágbàṣe nínú oko ẹlòmíràn.

*Wọ́n bi mí ní ọjọ́ orí*

Àwọn méjì ló wá pàdé mi: Ọ̀jọ̀gbọ́n Hán, ọ̀gá ọmọ Èsìẹ́ tí mo wí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ onígíláàsì, àti Sùjín, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe yọ, ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ̀ ba. Mo rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni èmi náà bá tẹ̀ ba láti bá a wá a. Orí wa kan ara. Ìkíni àkọ́kọ́ tí Èsìẹ́ kí Kòríà nìyẹn.

Gẹ̀ẹ́sì ni a jọ ń sọ. Tiwọn ń tiro, tèmi náà ń tiro, nítorí náà kò sẹ́ni tó sáré ju ẹnì kejì lọ. A kò tíì dé ibi tí ọkọ̀ wà tí ọ̀jọ̀gbọ́n fi béèrè pé, "Sà, ọdún wo ni wọ́n bí yín?"

Ẹ gbọ́ àrífín! Nílé wa, ta ló máa pàdé àgbàlagbà lójú ọ̀nà tí yóò bi í bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n àlejò ni mí, mo dáhùn. Ó ronú díẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Oṣù díẹ̀ ni mo fi jù ú lọ. Bí ó ṣe gba àpò lọ́wọ́ mi nìyẹn, ó bọ́ sẹ́yìn mi, kò sì tún rìn ṣáájú mi mọ́ títí mo fi kúrò ní ìlú wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n odidi! Nílé wa, ẹni tó bá ti gba irú oyè bẹ́ẹ̀, bàbá tó bí i gan-an yóò máa pè é ní "ẹ̀yin". Inú mi dùn. N kò mọ̀ pé ìyà ló ń bọ̀.

*Oúnjẹ tí kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́*

Ilẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, wọ́n á ká ẹsẹ̀ jọ sábẹ́ tábìlì kúkúrú. Ẹsẹ̀ tí mo wí yìí kì í ká dáadáa. Ẹ mọ àwọn ère òkúta tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa, tí àwọn àgbà sọ pé àlejò ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta. Ní ọjọ́ yẹn ni mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí wọn: wọ́n ní kí wọ́n jókòó, wọn kò sì fún wọn ní àga.

Gbogbo àwọn ọmọ tó ń bá ọ̀jọ̀gbọ́n ṣiṣẹ́ ló yí tábìlì ká. Wọ́n gbé oúnjẹ dé: ìrẹsì, ẹ̀fọ́ kan tí wọ́n fi ata rẹ́pẹtẹ sí tí wọ́n sì jẹ́ kó kan, ẹja tútù tí iná kò rí, àti ọbẹ̀ kan tó ń hó nínú ìkòkò dúdú. Òórùn ọbẹ̀ yẹn le. Ilé ire ni wọ́n ti kọ́ mi: àlejò kì í ṣáájú onílé tọwọ́ bọ àwo. Mo káwọ́ lé itan, mo ń retí kí ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà káwọ́ lé itan. Àwọn ọmọ káwọ́ lé itan. A ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ara wa. Ooru orí ìrẹsì parẹ́. Inú ọmọkùnrin kan kùn bí ẹni ń lọ ata, gbogbo wa sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Sùjín ló fẹnu mọ́ mi létí níkẹyìn. "Sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ṣíbí. Ebi ń pa wá."

"Kí ló dé tí ẹ kò jẹun?"

"Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù níbí. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan oúnjẹ kí ẹ tó jẹ."

"Èmi náà ń dúró de ẹ̀yin tí ẹ nilé!"

"A rí i, sà. A rò pé àdúrà lẹ ń gbà."

Èmi tí mo máa ń jẹ́ kí gbogbo ènìyàn jẹun kí n tó jẹ, tí mo máa ń wo ojú wọn fún ìgbà díẹ̀ ná! Kò sí ibi tí mo lè sá sí. Mo na ṣíbí sí ọbẹ̀ nítorí pé òun nìkan ló gbóná. "Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ẹ̀wà sóyà ni, sà. A máa ń sè é, a ó fi koríko gbígbẹ wé e, a ó gbé e sí ibi tó móoru títí kòkòrò yóò fi wọ inú rẹ̀."

"Kòkòrò kẹ̀?"

"Kòkòrò ló ń jẹ́ kó dùn."

Mo bojú wo àwọn ojú tí ebi ń pa, mo dijú, mo gbé e mì. Ẹ̀yin ará ilé, irú ni! Irú ìyá mi gẹ́lẹ́, tó máa ń fi ewé bò nínú igbá ní ẹ̀yìn ààrò, tí a máa ń sọ pé ó ti "fà". Láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú ni mo ti ń jẹ kòkòrò, tí mo sì tún ń béèrè fún òmíràn. Gbogbo ọṣẹ tí mo ti fi fọ ọwọ́ látọdún wọ̀nyí wá dà lójú mi bí ìgbà tí ènìyàn ti ilẹ̀kùn pa tí olè sì wà nínú yàrá.

*Ọ̀daràn tó mọṣẹ́*

Wọ́n wọ̀ mí láṣọ funfun, wọ́n fi ìbọ̀wọ́ sí mi lọ́wọ́, wọ́n mú mi wọ yàrá iṣẹ́. Ẹ̀rọ kan ń mi àwọn ìgò bí ìyá ọmọ ti ń mi ọmọ tó ń sunkún. Nínú ìgò kọ̀ọ̀kan ni omi wà, epo ẹja díẹ̀, àti kòkòrò náà. Epo yìí wá láti ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ẹja, lára orí àti ìfun tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ. Sùjín ní kòkòrò á gbé epo náà mì, á yí i padà, ohun tó bá sì ti ara rẹ̀ jáde kì í ṣe epo lásán mọ́. Ó fi àwo pẹlẹbẹ kan hàn mí. Nǹkan funfun tó ń ba iṣu jẹ́, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti bo gbogbo ojú àwo náà, àfi ibi tí wọ́n kán oògùn sí. Ibẹ̀ mọ́ roboto, bí ìgbà tí a fi eérú yí oúnjẹ ká tí èèrà dé ibẹ̀ tó sì padà sẹ́yìn.

Mo ń yọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Sùjín ṣí ìgò kan.

Òórùn dídùn. Bí èso tó ti pọ́n jù.

Mo wo inú ìgò. Omi rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé.

N kò rántí bí mo ṣe dé ìta. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo bá ara mi lẹ́bàá ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ti ká ṣòkòtò mi sókè, mo ń wo àpá mi bóyá ó ti lanu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hán sáré jáde tẹ̀lé mi. Mo fi àpá náà hàn án.

"Ẹ̀dá tó wà nínú ìgò yín yẹn, òun ló ṣe mí báyìí! Wọ́n ti fa ìlà ibi tí wọn ó ti gé ẹsẹ̀ mi!"

Ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Mo rò pé yóò jiyàn. "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdílé kan náà," ló wí. "A mọ̀ ọ́n, sà. Ọ̀daràn ni. Ó ń yọ́ wọ ilé ìwòsàn, ó ń wá ẹni tó ní ọgbẹ́."

"Ẹ sì ń fún un lóúnjẹ?"

"Ọ̀daràn tó mọṣẹ́ ni. A tì í mọ́lé, a ń fún un ní epo, ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti ṣe tán, a ó pa á, a ó yọ oògùn náà sọ́tọ̀."

Mo rò ó wò. Wọ́n jí ẹni mú, wọ́n bọ́ ọ yó, wọ́n gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì pa á. Mo ti ń gbọ́ ìròyìn ìṣèlú ilẹ̀ wa láti ìgbà òmìnira, n kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Mo búra pé èmi kò ní fi ọwọ́ mi kan ohunkóhun tó bá ti inú yàrá yẹn jáde.

Ìbúra náà kò pẹ́. Nígbà tí mo ń múra àtilọ, ọ̀jọ̀gbọ́n mú ìgò oògùn kan wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó tẹrí ba bí ẹni ń fún bàbá rẹ̀ ní nǹkan. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ fún mi: bí wọ́n bá fi ọwọ́ méjì bu ọlá fún yín báyẹn, kí lẹ máa ṣe? Kí ìbẹ̀rù mi tó ráyè sọ̀rọ̀, ìwà tí wọ́n fi tọ́ mi ti na ọwọ́ méjèèjì jáde. Mo gbà á. Láìsí ìbọ̀wọ́.

Mo dúró gan-an bí igi. Sùjín rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Sà, wọ́n ti kú! Gbogbo wọn ti kú! Epo nìkan ló kù!"

*Màlúù àti wàrà*

Ẹ mọ̀ pé fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa ni. Ẹni tó bá fẹ́ pè ní láti gun orí òkúta lẹ́yìn ilé ìwé kó tó gbọ́ ohùn. Orí òkúta yẹn ni Alága ti pè mí.

"Tíṣà, oògùn yẹn dára?"

"Ó jọ pé ó dára. Mo gba ìgò kan."

"Ìgò kan kẹ̀? Mú kòkòrò náà gan-an bọ̀! Bí a ṣe ń sin ẹja ni a ó máa sìn ín. Ilé tí mo ń kó ẹrù sí ti ṣófo. Mo ti sọ fún wọn ní Òwu-Ìsin pé kí wọ́n wá máa rà á lọ́wọ́ wa."

"Ẹ jọ̀ọ́, Alága, ohun tó fẹ́ẹ́ gé mi lẹ́sẹ̀ rèé."

"Ẹsẹ̀ rẹ nìkan ni, Tíṣà. Iṣu gbogbo wa ni mò ń sọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Mo lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò gbàgbé pé mo jù ú lọ, ó dìde dúró. Ó ní òfin kò rọrùn, ṣùgbọ́n bí a bá ní ilé tó yẹ, òun lè bá wa wá ọ̀nà rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. "Ṣé ẹ ní yàrá tó ní ilẹ̀kùn méjì, sà? Tí omi àti iná kì í lọ níbẹ̀? Tí ẹni tó ní ọgbẹ́ kì í wọ̀?"

Mo rántí ilé ẹrù Alága, níbi tí ewúrẹ́ rẹ̀ ń sùn sí. Mo rántí àwa àgbẹ̀: ta ni nínú wa tí àpá ọkọ́ tàbí àdá kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀? Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ta ló máa rìn dé Èsìẹ́ láti wá wò ó?

"A kò ní," ni mo dáhùn. "Ìgò yìí tó."

*Àwọn ológbò Èsìẹ́*

Bí mo ṣe dé, ẹgbẹ́ pé. Wọ́n wo ìgò náà, wọ́n wo ẹ̀yìn mi bóyá nǹkan mìíràn ń bọ̀. Alága bú sẹ́rìn-ín.

"A rán an lọ mú màlúù, wàrà ló bù wá! Ẹ wo akọni wa!"

Gbogbo ilé rín in. Bàbá Agbamu nìkan, tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ gbé wàrà náà wá ná, kí a wò ó bóyá ó ti kan."

Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni mo ṣe pò ó mọ́ omi. A pín iṣu tó ní ọgbẹ́ sí àká méjì. Èyí tó wà ní àká mi ni mo fi oògùn pa lójú ọgbẹ́. Ti Alága kò gba nǹkankan. Èmi nìkan ni mo fọwọ́ pa á. Àwọn tó kù dúró lókèèrè, wọ́n ń tọ́ mi sọ́nà.

Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n kò rò, tí èmi náà kò rò, ni pé epo ẹja, bó ti wù kí kòkòrò yí i padà tó, ẹja ṣì ń bẹ nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ológbò kan ti jókòó sí ẹnu àká mi. Nígbà tó yá, gbogbo ológbò àdúgbò ló kó wá, wọ́n jókòó bí ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìpàdé. Wọn kò jẹ iṣu. Wọ́n kàn ń gbóòórùn, wọ́n ń sunkún. Àwọn ọmọ ilé ìwé mi ń pè mí ní Bàbá Ológbò.

Nígbà tí àsìkò gbíngbìn súnmọ́lé, a ṣí àká méjèèjì. Ti Alága ti di omi, òórùn rẹ̀ lé wa sẹ́yìn. Tèmi, àwọn díẹ̀ ti jẹrà, èmi kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lọ le gbagidi, ojú ọgbẹ́ wọn sì gbẹ bí àpá ẹsẹ̀ mi.

"Ológbò ló ṣe é," ni Alága wí kíákíá. "Eku kò ráyè wọlé."

"Ológbò kì í lé nǹkan funfun," ni mo fèsì. Ṣùgbọ́n n kò lè búra. Bóyá oògùn ló ṣe é, bóyá àwọn ológbò ràn án lọ́wọ́. Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí Kòríà, pé kí wọ́n fi ológbò kún un. Ohun tí mo lè búra lé ni pé èbù wà nílẹ̀.

Ìyá Táyọ̀ bó ọ̀kan nínú àwọn iṣu náà, ó sè é, ó gún un, ó fi ọbẹ̀ tí irú ń ta sánsán nínú rẹ̀ tì í. Ó gbé iyán sórí tábìlì láàárín wa. Gbogbo wa fọ ọwọ́. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́.

"Bàbá," ni mo wí fún Bàbá Agbamu, "ẹ̀yin lẹ dàgbà jù, ẹ bù ú."

"Mo dàgbà lóòótọ́, Tíṣà," ló dáhùn, "ṣùgbọ́n n kò tíì ṣetán. Ìwọ tí o bá wọn jẹun níbẹ̀, ṣáájú."

Mo wo ojú wọn yíká. Ooru orí iyán ti ń parẹ́. Ní Kòríà, wọ́n dúró dè mí nítorí pé mo dàgbà. Ní Èsìẹ́, wọ́n ń dúró dè mí pé bí ó bá jẹ́ májèlé, kí n kọ́kọ́ kú. Mo ronú ìlà bírò yẹn. Mo bu òkèlè, mo fi kan ọbẹ̀, mo gbé e mì. Wọ́n wo ọ̀fun mi bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Alága tilẹ̀ tẹ̀ ba, ó yọjú wo ojúgun mi bóyá ó ti ń di aláwọ̀ ewé.

Kí n tó bu ìkejì, ọwọ́ Bàbá ti wà nínú àwo, ọwọ́ àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Ìgbà tí Alága fi gbé orí sókè láti abẹ́ tábìlì, iyán ti tán. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbẹ̀yìn sídìí oúnjẹ.